Kóró Mímọ́ àti Ẹ̀tọ́ Ìbéèrè: Àyẹ̀wò Kan Láti Inú Ẹ̀sìn Híńdù àti Ìṣègùn Ayurveda

Ìfáàrà

Òwe méjì kan wà lẹ́nu àwọn àgbà tí ó dà bí ẹni pé wọn kò lè jọ gbé inú ilé kan. Èkíní ni pé ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹ ilẹ̀. Èkejì ni pé abéèrè kì í ṣìnà. Òwe àkọ́kọ́ ń kọ́ wa pé ohun tí a bá ti yà sọ́tọ̀, a gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Òwe kejì ń kọ́ wa pé ẹni tí kò bá wádìí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ lè rìn wọ inú kòtò. Bí ohun tí a yà sọ́tọ̀ bá wá jẹ́ ohun tí ènìyàn ń jẹ, tàbí ohun tí ó ń rà fún aláìsàn ilé rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìwádìí kò ní di àfojúdi? Ṣé ọ̀wọ̀ kò sì ní di ìfọ́jú?

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Àpẹẹrẹ tí a ó fi ṣe é ni àwọn kóró àti hóró tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ilẹ̀ Íńdíà kà sí mímọ́, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ibẹ̀, èyíinì ni àwọn oníṣègùn Ayurveda, sì ń lò fún ìwòsàn. Ìdí tí a fi lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kò ṣòro láti mọ̀. Ojú tí a fi ń wo ilé ara ẹni a máa kún fún ìfẹ́ tàbí fún ìbínú. Ti ilé aládùúgbò ni a lè fara balẹ̀ wò. Bí a bá ti wò ó tán, a ó padà wálé.

Kóró lójú ẹlẹ́sìn Híńdù

Ọ̀rọ̀ tí èdè Sanskrit ní fún kóró ni bija. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni wọ́n fi ń pe àwọn sílébù kúkúrú tí olùjọ́sìn ń pè, tí wọ́n gbà pé agbára òrìṣà wà nínú wọn. Òun náà ni àwọn amòye wọn fi ń ṣàlàyé ìwà ọmọ ènìyàn. Wọ́n ní ìwà tí a hù lónìí jẹ́ kóró tí yóò hù lọ́la, nínú ayé yìí tàbí nínú ayé tí a óò tún wá. Wọ́n tún ní ẹni tí ó bá ti ní ìmọ̀ òtítọ́, ìwà rẹ̀ àtijọ́ dà bí kóró tí a ti yan nínú iná: ó ṣì rí bí kóró, ṣùgbọ́n kò lè hù mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹlẹ́sìn Híńdù bá mú kóró lọ́wọ́, ohun tí ó mú kọjá oúnjẹ.

Nínú gbogbo hóró tí wọ́n fi ń jọ́sìn, ìrẹsì ni ó wọ́pọ̀ jù. Wọ́n sábà máa ń fi ìyẹ̀fun ata ilẹ̀ pupa pò ó kí ó lè pọ́n bí ìyeyè, wọn a sì wọ́n ọn sí ẹsẹ̀ ère òrìṣà tàbí sí orí ọkọ àti ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Akshata ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ orúkọ náà sì ni èyí tí kò fọ́. Hóró tí ó bá ti sán tàbí tí ó ti kán kò yẹ fún òrìṣà. Ẹni tí ó bá fẹ́ jọ́sìn ní láti kọ́kọ́ jókòó, kí ó ṣa ìrẹsì rẹ̀, kí ó sì yọ èyí tí ó fọ́ kúrò. Kí ẹ̀yin òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sí i.

Yànmọ̀tí, pàápàá èyí tí ó dúdú, jẹ́ ti àwọn òkú ọ̀run. Nígbà tí ọmọ bá ń ṣe ìrántí bàbá rẹ̀ tí ó ti kú, yóò da omi tí a fi yànmọ̀tí sí láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fi ìṣù ìrẹsì tàbí ti ìyẹ̀fun ọkà bálì tí a pò mọ́ yànmọ̀tí rúbọ. Ìlú Gaya, lẹ́bàá odò Phalgu ní ìpínlẹ̀ Bihar, lókìkí fún ìrúbọ yìí, láti ọ̀nà jíjìn sì ni àwọn ènìyàn ti ń lọ síbẹ̀ nítorí òkú wọn. Síbẹ̀, yànmọ̀tí yìí kan náà ni wọ́n ń pò mọ́ ṣúgà ìrèké tí a kò fọ̀, tí wọ́n fi ń ṣe àdídùn ní àárín oṣù kìíní ọdún, nígbà ọdún Makar Sankranti. Ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, ẹni tí ó bá fún ọmọnìkejì rẹ̀ ní àdídùn náà a máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì dùn. Hóró tí a fi ń bá òkú sọ̀rọ̀ ni a tún fi ń tún àárín alààyè ṣe.

Nígbà ọdún Navaratri, tí í ṣe ọdún òru mẹ́sàn-án fún òrìṣà obìnrin, ọ̀pọ̀ ìdílé ní àríwá Íńdíà a máa gbin ọkà bálì sínú ìkòkò tí wọ́n bu erùpẹ̀ sí. Wọn a máa bomi rin ín lójoojúmọ́ títí ọdún yóò fi parí. Bí èhù rẹ̀ bá ga tí ó sì tutù, wọn a gbà pé àmì ire ni. Wọ́n tún ní àkójọ hóró mẹ́sàn-án tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀dá ojú ọ̀run mẹ́sàn-án tí wọ́n gbà pé ó ń darí ayé ènìyàn. Àlìkámà ni ti oòrùn, ìrẹsì ni ti òṣùpá. Ìyókù sì ní ti wọn.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo kóró mímọ́ wọn, rudraksha ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ojú Rudra, Rudra sì jẹ́ orúkọ àtijọ́ fún òrìṣà tí a ń pè ní Shiva. Ìtàn inú ìwé Shiva Purana sọ pé omijé Shiva ni ó bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó la ojú lẹ́yìn àṣàrò gígùn, ibi tí omijé náà sì bọ́ sí ni igi rudraksha ti hù. Igi náà, tí àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn pín sí ìdílé Elaeocarpus, ń hù ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya ní Nepal àti ní àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, ó sì pọ̀ ní Indonesia. Àwọ̀ búlúù ni èso rẹ̀ ní. Bí a bá fọ ara èso náà kúrò, kóró líle tí ara rẹ̀ rí kókó-kókó ni yóò kù. Ilà wà lára kóró yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń pe àárín ilà kan sí èkejì ní ojú. Olójú márùn-ún ni ó wọ́pọ̀ jù. Olójú kan ṣọ̀wọ́n gidigidi. Kóró 108 ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, pẹ̀lú ọ̀kan tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí olórí wọn. Olùjọ́sìn a máa fi ìka kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń pe orúkọ òrìṣà. Bí ó bá kan olórí náà, kò ní ré e kọjá; yóò yí ìlẹ̀kẹ̀ náà padà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti ń bọ̀.

Níbo ni ìjẹ́mímọ́ kóró ti wá?

Bí a bá béèrè ohun tí ó sọ kóró di mímọ́, ìdáhùn mẹ́ta ni a lè rí gbà.

Ìdáhùn kìíní ni pé láti inú ìṣẹ̀dá kóró náà ni. Omijé òrìṣà ni rudraksha, ohun tí ó bá sì ti ara òrìṣà jáde kò lè ṣaláìjẹ́ mímọ́. Ìdáhùn yìí lágbára lójú onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀. Ní erékùṣù Java ní Indonesia, níbi tí ọ̀pọ̀ jùlọ ènìyàn ti jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn àgbẹ̀ ń gbin igi yìí, wọ́n sì ń ta kóró rẹ̀ sí Íńdíà. Lójú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun ọ̀gbìn tí ń mówó wọlé ni, gẹ́gẹ́ bí kòkó ti jẹ́ fún àgbẹ̀ ilẹ̀ wa tí kò jẹ ṣokoléètì rí. Kóró kan náà ni. Ó jẹ́ ọjà lọ́wọ́ ẹnì kan, ó jẹ́ ojú òrìṣà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ìjẹ́mímọ́ bá wà nínú ìṣẹ̀dá kóró nìkan, àgbẹ̀ náà ì bá ti rí i.

Ìdáhùn kejì ni pé ọ̀rọ̀ ni ó sọ ọ́ di mímọ́. Àlùfáà pe ọ̀rọ̀ sí i, ó wẹ̀ ẹ́, ó yà á sọ́tọ̀. Òótọ́ wà nínú èyí pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n ní ètò tí wọ́n fi ń ya ìlẹ̀kẹ̀ sí mímọ́ kí a tó fi sọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni, kóró èyíkéyìí ni a lè pe ọ̀rọ̀ sí. Kí ni wọ́n wá ń ṣa ìrẹsì fún? Kí ni wọ́n ń ka ojú rudraksha fún?

Ìdáhùn kẹta ni pé inú ìbáṣepọ̀ tí ó wà láàárín kóró àti ẹni tí ń lò ó ni ìjẹ́mímọ́ ti ń wá. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá àgbà fi gbàdúrà fún ogójì ọdún, tí ó ń kà á nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí ó sì ń kà á ní alẹ́ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, kò lè jẹ́ igi lásán mọ́ lójú ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Ìṣẹ̀dá kóró wúlò, nítorí pé líle rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó tètè jẹrà. Ọ̀rọ̀ àlùfáà wúlò, nítorí pé òun ni ó la ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìwà àti ìgbà ni ó parí iṣẹ́ náà.

Ìdáhùn kẹta yìí ni a fara mọ́, ìdí rẹ̀ sì ni pé ó fi hàn wá pé ìjẹ́mímọ́ jẹ́ gbèsè. Ẹni tí ó gba ohun mímọ́ sọ́wọ́ ti jẹ gbèsè ìwà. Kò lè fi í purọ́, kò lè fi í rẹ́ni jẹ, kò sì lè fi í pa ọmọnìkejì rẹ̀ lára, kí ó tún máa sọ pé òun ń bọ̀wọ̀ fún un.

Láti ojúbọ dé inú odó

Títí dé ibi tí a dé yìí, ojúbọ ni a wà. Bí kóró bá kúrò lójúbọ tí ó wọ inú odó oníṣègùn, ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀.

Ayurveda jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn tí ó ti pẹ́. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n gbójú lé jù ni ti Charaka àti ti Sushruta. Nínú ìmọ̀ yìí, òróró yànmọ̀tí ni olórí nínú òróró tí a fi ń ra ara. Àwọn èso wẹ́wẹ́ olóòórùn dídùn bíi kúmínì ni wọ́n ń lò fún inú tí kò lọ déédéé. Èèpo kóró isabgol, tí ó máa ń wú bí a bá da omi sí i, ni wọ́n ń lò fún ẹni tí kò lè ya ìgbẹ́; àwọn ilé ìwòsàn òde òní káàkiri ayé náà sì ń lò ó fún iṣẹ́ kan náà.

Àpẹẹrẹ kan tí ó dára púpọ̀ ni kóró yèrèpè. Ohun ọ̀gbìn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Kò sí ọmọ oko tí irun èèpo rẹ̀ kò tíì yún rí. Àwọn oníṣègùn Ayurveda ti ń lo kóró rẹ̀ tipẹ́, ara ohun tí wọ́n sì ń lò ó fún ni àìsàn tí í mú ara ènìyàn gbọ̀n. Ní ọdún 1937, Damodaran àti Ramaswamy, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Íńdíà, yọ èròjà tí a ń pè ní L-dopa láti inú kóró yìí. Láti àwọn ọdún 1960 ni L-dopa ti di olórí oògùn fún àrùn Parkinson, tí òun náà ń mú ọwọ́ ènìyàn gbọ̀n. Ẹni tí ó bá ń sọ pé òfìfo ni gbogbo ìmọ̀ àtijọ́ kò ní ohun tí yóò fi dá ìtàn yèrèpè lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ìwádìí ni ó fi ìdí ìmọ̀ náà múlẹ̀, òun náà ni ó sì fi hàn pé ìwọ̀n èròjà yìí kò dọ́gba láti kóró kan sí èkejì. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń gbé e mì.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Wérénjéjé, kóró pupa olójú dúdú tí ó wà lọ́dọ̀ tiwa náà, ni wọ́n ń pè ní gunja ní Íńdíà. Nínú ìtàn àti àwòrán wọn, òrìṣà Krishna a máa fi ẹ̀gbà rẹ̀ sọ́rùn. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ṣe òṣùwọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ratti ni wọ́n ń pe ìwọ̀n náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́jọ gíráàmù. Kóró tí a fi ń wọn wúrà, tí òrìṣà ń fi ṣe ọ̀ṣọ́! Síbẹ̀, oró inú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí kóró kan ṣoṣo, bí a bá rún un lẹ́nu, fi lè tó láti pa ènìyàn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀daràn ní Íńdíà a máa lọ̀ ọ́, wọn a fi ṣe abẹ́rẹ́, wọn a sì fi gún màlúù onímàlúù pa.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni dhatura. Ní ọjọ́ Mahashivaratri, àwọn olùjọ́sìn a máa gbé òdòdó rẹ̀ àti èso rẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún síwájú Shiva, nítorí pé nínú ìtàn wọn Shiva ni ó gbé oró ayé mì kí ayé má baà parun. Ṣùgbọ́n kóró inú èso náà a máa da orí ènìyàn rú, ó sì lè pa á. Àwọn olè ojú ọ̀nà ìgbà kan rí a máa fi sínú oúnjẹ arìnrìn-àjò kí wọ́n lè jà á lólè. Èso kan náà ni. Ojúbọ ni olùjọ́sìn gbé e lọ, inú oúnjẹ ni olè fi í sí.

Kí ni àwọn oníṣègùn Ayurveda ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí? Wọn kò sọ pé ohun tí òrìṣà bá ti fi ṣe ọ̀ṣọ́ kò lè ṣe ènìyàn ní ibi. Nínú ìwé Charaka, a rí i kà pé májèlé gan-an lè di oògùn tí ó dára bí a bá lò ó bí ó ti yẹ, oògùn pàápàá sì lè di májèlé bí a bá ṣì í lò. Nítorí èyí, wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní shodhana, èyíinì ni ìwẹ̀nùmọ́ oògùn. Wọn a di kóró gunja sínú aṣọ, wọn a so ó rọ̀ sínú ìkòkò tí wàrà màlúù wà nínú rẹ̀, wọn a sì sè é fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó lò ó. Lónìí a mọ̀ pé ooru bẹ́ẹ̀ a máa ba oró inú rẹ̀ jẹ́. Òfin oògùn ilẹ̀ Íńdíà ti ọdún 1940, bí a ti tún un ṣe lẹ́yìn náà, ní àkọsílẹ̀ kan tí a ń pè ní E(1) fún àwọn èròjà olóró inú ìṣègùn ìbílẹ̀. Gunja wà níbẹ̀. Dhatura wà níbẹ̀. Oògùn tí a bá fi wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ní ìkìlọ̀ lára pé abẹ́ àbójútó oníṣègùn ni kí a ti lò ó.

Ẹ̀sùn méjì

Ẹnì kan lè fi ẹ̀sùn kàn wá pé wíwádìí ohun mímọ́ jẹ́ títàbùkù rẹ̀. Ẹ̀sùn yìí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá já ìlẹ̀kẹ̀ ìyá àgbà nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti ṣe ohun tí kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìṣe àwọn tí wọ́n ni ẹ̀sìn náà fúnra wọn. Ta ni ó ń ṣa ìrẹsì kí ó tó gbé e síwájú òrìṣà? Olùjọ́sìn ni. Ta ni ó ń ka ojú rudraksha? Olùjọ́sìn ni. Ta ni ó kọ́kọ́ sọ pé a gbọ́dọ̀ se gunja kí a tó fi ṣe oògùn? Oníṣègùn ìbílẹ̀ ni. Àyẹ̀wò ti wà nínú ọ̀wọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìtàn kan wà nínú Chandogya Upanishad, ọ̀kan nínú àwọn ìwé mímọ́ wọn tí ó pẹ́ jù, tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Shvetaketu, ti ilé ẹ̀kọ́ dé lẹ́yìn ọdún 12, ó sì ń gbéra ga. Bàbá rẹ̀, Uddalaka, ní kí ó lọ mú èso kan wá láti ara igi banyan, igi ńlá kan tí ó jẹ́ ẹbí ọ̀dán tiwa. Ó ní kí ó là á. Ó là á, ó rí àwọn kóró wẹ́wẹ́. Ó ní kí ó la ọ̀kan nínú kóró náà. Ó là á, ó sì ní òun kò rí nǹkan kan. Bàbá wá sọ fún un pé láti inú ohun tí kò rí yẹn ni igi ńlá náà ti jáde, àti pé ohun tí a kò fojú rí yìí ni ẹ̀mí gbogbo ayé, òun náà sì ni ọmọ yìí jẹ́. Bàbá náà kò ní kí ọmọ má fọwọ́ kan kóró. Òun gan-an ni ó ní kí ó là á. Inú lílà náà ni ọ̀wọ̀ ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìgbéraga rẹ̀ parí sí.

Ẹ̀sùn kejì ń bọ̀ láti apá kejì. Ọ̀mọ̀wé kan lè sọ pé níwọ̀n ìgbà tí a ti wádìí, tí a kò sì rí ohun kan nínú rudraksha ju igi lọ, kí a kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹni yìí náà ti ṣì í. Ohun tí ìyá àgbà ń rí nínú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ni ìfarabalẹ̀, ìrántí àti ìrètí. Kò sí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìwọ̀nyí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n ṣe é wọ̀n. Ẹni tí ó bá lọ fi òṣùwọ̀n wá ohun tí kì í gbé orí òṣùwọ̀n, tí ó sì wá kígbe pé òun kò rí i, kò tíì ṣe ìwádìí kankan.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ni jù ni ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ bàbá kan tí wárápá ń mú ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan tà á ní rudraksha olójú kan ní owó gọbọi, ó sì fi dá a lójú pé bí ọmọ bá ti fi sọ́rùn, kí wọ́n dá oògùn ilé ìwòsàn dúró. Ayédèrú rudraksha pọ̀ lọ́jà: àwọn kan ń gbẹ́ igi, àwọn kan ń lẹ kóró méjì pọ̀, àwọn mìíràn ń fi rọ́bà ṣe é. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.

Ìbéèrè méjì ni ó wà níhìn-ín, a kò sì gbọdọ̀ da wọ́n pọ̀. Èkíní: bí ìlẹ̀kẹ̀ bàbá yìí bá jẹ́ ayédèrú, ṣé àdúrà rẹ̀ ti di asán? Lójú tiwa, rárá. A ti sọ pé inú ìbáṣepọ̀ àti ìwà ni ìjẹ́mímọ́ ti ń wá, ìwà bàbá yìí sì mọ́. Ẹni tí ó tan án jẹ ni ó jẹ gbèsè. Èkejì: bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá jẹ́ ojúlówó, ṣé ọmọ náà lè dá oògùn rẹ̀ dúró? Rárá ni ìdáhùn níhìn-ín pẹ̀lú, nítorí pé kò tíì sí ẹ̀rí tí ó dúró ṣinṣin pé fífi rudraksha sọ́rùn ń wo wárápá. Àdúrà tí a gbà pẹ̀lú ayédèrú lè gòkè. Ìlẹ̀kẹ̀ ojúlówó kò sì lè ṣe iṣẹ́ oògùn.

Ìyàtọ̀ yìí ni kókó ohun tí a ní láti sọ. Òrìṣà lè gba èrò ọkàn ẹni; ara kì í gba èrò ọkàn. Bí mo bá fi ọkàn mímọ́ rú ẹbọ tí kò pé, ẹni tí mo rú u sí lè dárí jì mí. Bí mo bá fi ọkàn mímọ́ fún ọmọ mi ní gunja tí a kò sè, inú ọmọ náà kò ní béèrè bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ó bá jẹ́ ti ọkàn, ìwà ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ó sọ ẹni tí ń lò ó di aláàánú, onísùúrù, olóòótọ́? Ọ̀rọ̀ tí ó bá jẹ́ ti ara, ẹ̀rí ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: èèlò ni a lò, ta ni a lò ó fún, kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ẹni tí ó bá gba ìdáhùn ti ọkàn láti fi dá ìbéèrè ti ara lóhùn, bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn ẹ̀sìn tó, ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wéwu. Èyí tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nítorí owó burú. Èyí tí kò mọ̀, tí ó sì kọ̀ láti béèrè kí ọjà rẹ̀ má baà bàjẹ́, kò sàn jù ú lọ púpọ̀.

A padà wálé

A ti ṣe ìlérí pé a ó padà wálé. Àwa náà ní kóró tí a yà sọ́tọ̀. Kóró ọ̀pẹ ni ikin Ifá, 16 ni babaláwo sì fi ń dá Ifá. Kì í ṣe gbogbo kóró ọ̀pẹ ni ó ń gbà. Yóò ka ojú ara rẹ̀, nítorí pé olójú mẹ́ta pọ̀ káàkiri. Olójú mẹ́rin tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń wá. Níhìn-ín náà, àyẹ̀wò ni ó ṣáájú ọ̀wọ̀, kò sì sí ẹni tí ó pe babaláwo ní aláfojúdi nítorí pé ó ka ojú ikin. Wérénjéjé àti yèrèpè tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè wà nínú igbó tiwa náà, pẹ̀lú oró àti oore wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ni ní àṣà, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ ó máa bá irú ìbéèrè yìí pàdé nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ oògùn ìbílẹ̀ bá jẹ yọ. Ọ̀nà méjì ni ó rọrùn láti tọ̀: kí a yin gbogbo rẹ̀ nítorí pé ti àwọn bàbá wa ni, tàbí kí a bú gbogbo rẹ̀ nítorí pé ó ti pẹ́. Kò sí èyí tí ó gba ìrònú nínú méjèèjì. Ohun tí ó gba ìrònú ni kí a béèrè, lórí ohun kọ̀ọ̀kan, bóyá ti ọkàn ni tàbí ti ara, kí a sì fi òṣùwọ̀n tí ó tọ́ sí i wọ̀n ọ́n.

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, òwe méjèèjì tí a fi bẹ̀rẹ̀ yóò rí ilé kan náà gbé. A kò ní fi ibi tí a pè ní orí tẹ ilẹ̀. A ó sì máa béèrè kí a má baà ṣìnà. Ẹni tí ó jókòó ti àwo ìrẹsì rẹ̀, tí ó ń ṣa hóró tí ó fọ́ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó lọ sójúbọ, ti ń ṣe méjèèjì pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.